Irin Tí Kò Mọ Ìkúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí, nítorí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ti sọ tiwọn kiri, irọ́ ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ wa gbéraga. Wọ́n ní ó dójú ti ìyá ọkọ rẹ̀ ní gbangba. Èmi Eunice ni alárinà. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, tí mo nawọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ṣubú. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kó panu mọ́.

Bọ́látitó, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Bàbá rẹ̀ ni Tíṣà Ògúntóyè, tó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó padà wá kọ́lé sí Ìkòrò. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ dòò-dòò nígbà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un. Ibà la kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ibà náà lọ, ó mú ẹsẹ̀ méjèèjì lọ. Láti ìgbà náà, orúnkún ló fi ń rìn. Bàbá rẹ̀ gé táyà àlòkù, ó ń so ó mọ́ orúnkún rẹ̀ bíi bàtà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dàgbà. Ó sì dàgbà tó rẹwà, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Aránṣọ ni. Máṣíìnì aláfọwọ́yí ló ń lò, n kò sì tíì rí ẹni tó ń rán búláòsì bíi tirẹ̀ láti Ìkòrò dé Ìjerò.

Ibi iṣẹ́ yẹn ni Bámidélé ti bá a. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni, tíṣà iṣẹ́ irin ní ilé-ìwé girama kan ní Ìjerò. Ó gbé ṣòkòtò wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ẹ bá mi dín ìbàdí rẹ̀ kù, ó tóbi jù."

Bọ́látitó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣòkòtò kọ́ ló tóbi. Ẹ̀yin lẹ ò jẹun."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró, ó ń wo máṣíìnì.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

"Ọwọ́ yín."

"Mi ò tà á."

"Mo ń wo agbára rẹ̀ ni," Bámidélé ní. "Ọwọ́ tó ń yí irin yìí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí èèyàn bá fún un ní ṣéènì kẹ̀kẹ́, á gbé yín dé Ìjerò. Níbo lẹ fẹ́ lọ, tí ẹ ò tíì lè dé?"

Bọ́látitó dáwọ́ dúró. Ẹ gbọ́ mi o: láti ìgbà tí a ti bí ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀, àfi àwọn tó fẹ́ gbàdúrà fún un. Ó ní, "Ọjà. Mo fẹ́ lọ sọ́jà."

Kò pẹ́, Bámidélé dé pẹ̀lú nǹkan kan tí gbogbo àdúgbò tú jáde wá wò. Kẹ̀kẹ́ ni, ṣùgbọ́n táyà mẹ́ta ló ní, àga tó ní ìrọ̀rí wà láàárín, ibi tí ẹlòmíràn ń fẹsẹ̀ tẹ̀ sì wà lókè níbi àyà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Kẹ̀kẹ́ àlòkù méjì ló tú palẹ̀ tó fi ṣe é. Bùréèkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì. Bọ́látitó gùn ún, ó yí i, ó lọ. Bámidélé ń sáré tẹ̀lé e, ó ń pariwo pé, "Rọra! Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà níwájú!" Ọmọ náà ò gbọ́. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ní ọjọ́ ọjà, ó padà dé, ó ń sunkún. Mo ní, "Ta ló bú ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó bú mi, Àǹtí. Mo ra ata fúnra mi. Mo ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń tà á bínú sí mi pé mo ti ń ṣà á jù."

Èmi náà bá sunkún. Àbí kí ni kí n ṣe?

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bámidélé ò lè jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má wá fi òróró sí ṣéènì, ṣéènì tó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Wọn a jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lórí àpótí, ọ̀kan lórí kẹ̀kẹ́, wọn a máa bú ara wọn, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bọ́lá, mo fẹ́ fẹ́ ẹ." Bọ́látitó ní, "Ṣé o ti sọ fún màmá rẹ?" Ó ní òun máa sọ. Bọ́látitó ní, "Lọ sọ ná."

Ó sọ. Ìdílé ọkọ ló yẹ kó rán alárinà wá sọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìyá Bámidélé kọ̀, kò rán ẹnì kankan. Bámidélé wá dọ̀bálẹ̀ fún mi pé kí n bá òun lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Mo ní, "Ìyàwó ló wá ń tọrọ ọkọ báyìí?" Mo bínú o. Ṣùgbọ́n Bọ́látitó wò mí, mo bá wé gèlè mi.

Opó ni ìyá náà, Elizabeth lorúkọ rẹ̀, ó ga, ara rẹ̀ mọ́. Ó fún mi níjòókòó, ó fún mi lómi, ó wá bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti bímọ?"

"Mo bí mẹ́rin."

"Ṣé gbogbo wọn ló ń rìn?"

"Wọ́n ń rìn."

"Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀kan nínú wọn fún ẹni tó ń rákò, kí ẹ tó wá fi tèmi tọrẹ."

Mo gbé e mì. Alárinà tí kò lè gbé ọ̀rọ̀ mì, kó jókòó sílé. Mo ní, "Màmá, ọmọ yìí níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó níwà."

"Ajá náà níwà. Tí mo bá ṣàìsàn, ta ni yóò gbé mi? Tó bá bímọ, ta ni yóò pọ̀n ọ́n? Ṣé kẹ̀kẹ́ ni yóò máa pọnmi fún mi nínú ulé yìí?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú, èmi nìkan ni mo tọ́ ẹ. Kí ló dé tí o fẹ́ kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín?"

Bámidélé jókòó, ó ń fi èékánná họ ẹsẹ̀ àga. Mo retí kó sọ pé, "Màámi, mo fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe wà." Gbólóhùn kan péré ni. Kò sọ ọ́. Nígbà tó máa la ẹnu, ohun tó sọ ni pé, "Tó bá rìn ńkọ́?"

"Ta ni?"

"Bọ́látitó. Tó bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wá bá yín?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé ojú rẹ̀. "Tó bá fi ẹsẹ̀ rìn wá bá mi níwájú àwọn ènìyàn mi, tó kí mi bí ọmọ ènìyàn ṣe ń kí ìyá ọkọ, màá gbàdúrà fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ."

"Bí ọmọ ènìyàn?" mo ní. "Kí ló wá jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹran?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́," ó dá mi lóhùn, ó sì gbé kọ́ọ̀bù omi kúrò níwájú mi.

Nínú takisí tí a gbé padà, mo kọjú sí Bámidélé. "Ta ló ní kí o ṣèlérí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀?"

"Àǹtí, mo lè ṣe é. Mo ti rí i nínú ìwé òyìnbó. Irin ni wọ́n máa ń fi há ẹsẹ̀ láti itan dé bàtà, á máa fi ọ̀pá abẹ́ abíyá ti ara rẹ̀." Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ sọ.

Nígbà tí Bọ́látitó gbọ́, ó gbé búláòsì tó ń rán sílẹ̀. Ó wá ní, "Nígbà tó fẹ́ ṣe kẹ̀kẹ́ fún mi, ó bi mí níbi tí mo fẹ́ lọ. Irin yìí, kò bi mí ní nǹkan kan."

"Ṣé kí n lọ sọ fún un pé o kọ̀?"

"Rárá, Àǹtí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Màá wọ irin."

Ó sì wọ̀ ọ́. Áà, irin yẹn! Ó wúwo, awọ tí wọ́n fi ń dè é ń bó itan rẹ̀. Tí mo bá tú u ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń wà lára ìbọ̀sẹ̀. Ìkọ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún kọ̀ọ̀kan. Tó bá fẹ́ dúró, á ti ìkọ́ náà, irin á le gbagidi. Tó bá fẹ́ jókòó tàbí kúnlẹ̀, á ṣí i, irin á tẹ̀. Oṣù lórí oṣù ló fi kọ́ ọ, títí ó fi ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Bàbá rẹ̀ a yọjú láti ojú fèrèsé, a tún sá wọlé, kí a má baà rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí ìdána, níbi tí ìyá Bámidélé ti gbà pé òun ó wá fojú ara òun rí i, kù sí dẹ̀dẹ̀, Bámidélé mú un lọ sí pápá ilé-ìwé ní Ìjerò kí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ó rìn dáadáa. Àfi bí ìkọ́ ọ̀tún ṣe yọ, orúnkún tẹ̀, ó ṣubú gbìì. Bọ́látitó dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò mí, mo nà sílẹ̀ bí ẹja gbígbẹ!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Bámidélé. Ó ti fajú ro.

"Tó bá jẹ́ iwájú màámi ni ńkọ́?" ó ní. Ó tú irin náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ tún ìkọ́ ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdána gan-an ló tó gbé e dé. Àlejò ti ń wọlé. Ó nà án sí mi láti ojú fèrèsé, ó wọ aṣọ òfì tó dára, ó ń làágùn. "Àǹtí, ẹ sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Kò ní yọ mọ́ láé." Ó ti fi awọ tuntun wé gbogbo orúnkún irin náà, ó ní kó má baà ya ìró ìyàwó. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní ọmọ yìí mà mọ ìtọ́jú. Mo de irin mọ́ ọn lórí ibùsùn, a ró ìró lé e, mo gbé e dìde.

Níta, Bámidélé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ fún wa, eruku ti bo ṣòkòtò wọn. Ìyá rẹ̀ jókòó láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Bánjọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí a mú ìyàwó jáde.

Ó jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rìn! Mò ń gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń kan sìmẹ́ńtì. Obìnrin kan kígbe pé, "Jésù ò!" Ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹnu ìyá Bámidélé là sílẹ̀, kò rí i pa dé.

Ó dé iwájú bàbá rẹ̀, ibi tó ti yẹ kó kúnlẹ̀ gba àdúrà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá ìkọ́ lórí ìró. Ó wá a lọ́tùn-ún. Ó wá a lósì.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ìkọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún ìró rẹ̀ ṣe, mo tẹ abẹ́ awọ náà. Kò sí ìkọ́. Bámidélé ti jó irin mọ́ irin, ó ti le pa. Mo wo Bámidélé. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ wa bí ẹni tó ń wo ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán. Ìṣubú nìkan ló rò. Gbogbo ọgbọ́n tó wà lórí yẹn, kò rántí pé ìyàwó Yorùbá á kúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi rí ojú ọmọ rẹ̀. Ó dìde lórí àga. "Dúró, ọmọ mi," ó ní. "Èmi ni n ó dìde bá ọ." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó gbàdúrà fún un lóòró.

Ó wá kan ìyá ọkọ.

"Ìyàwó, kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ," Bánjọ ní.

Bọ́látitó tẹ orí ba. "Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, irin yìí ni ò..."

"Irin?" ìyá náà ní. "Ọmọ tó lè rìn, kò lè kúnlẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, ọmọ yín ló ṣe irin náà, kò tẹ̀ ni."

"Ọmọ mi ò lè ṣe irin tó ń fojú di mí. Bámidélé! Ṣé irin rẹ kì í tẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bámidélé. "Ó ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, mà. Mo... mo jó o pọ̀ ni, kó má baà ṣubú."

Bọ́látitó yíjú sí i. "O ò sọ fún mi."

"Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ ni."

"Mo ṣì ń retí," ìyá náà ní, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú.

Kí a tú irin níbẹ̀? A ó ká ìró ìyàwó dé itan lójú àna rẹ̀. Kí a gbé e wọlé? Wọn a ní ó sá. Kí n tó mọ ohun tí n ó ṣe, Bọ́látitó ju ọ̀pá méjèèjì nù, ó sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, bí ọkùnrin ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́ bí agbọ̀n rẹ̀ ṣe dún.

Ẹ̀yìn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ìyàwó ilé wọn. Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wò ó o! Ọkùnrin ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ mi!" Ẹ̀rín bá gba àgbàlá.

Bámidélé sáré wá. Mo rò pé ó wá gbé ìyàwó rẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ sí i lábíyá, ó ń gbìyànjú láti gbé e nàró padà, ó ń fọwọ́ tẹ irin náà kiri, ó ń wí fún ìyá rẹ̀ pé, "Kò kán, mà. Ẹ wò ó, irin náà ò kán rárá."

"Fi mí sílẹ̀," Bọ́látitó ní. Ẹ̀jẹ̀ wà létè rẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi tú u."

Àwa obìnrin Ìkòrò tú ìborùn, a fi yí i ká. Mo tú irin náà. Ó fi orúnkún lásán rìn kọjá lórí sìmẹ́ńtì, láàárín gbogbo ojú tó ń wò ó, ó dé iwájú ìyá náà, ó kúnlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ọmọ ọba ò lè kúnlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Màmá, mo kúnlẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún mi."

Ìyá náà wò ó. "Ìwọ nìyí," ó ní. "Wọ́n fẹ́ fi ẹ́ pamọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹ báyìí." Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa re ulé."

Àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde tẹ̀lé e. Bámidélé wà láàárín, irin méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bámidélé," Bọ́látitó ní. Kò dìde níbi tó wà. "Jókòó tì mí."

Bámidélé ò mira.

"Ilẹ̀ níbí. Wá jókòó tì mí, kí wọ́n rí wa."

Ọkùnrin náà wo ìyá rẹ̀ tó ti ń dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo irin ọwọ́ rẹ̀. "Bọ́lá, jẹ́ kí n lọ tún un ṣe. Mo ti mọ ibi tí mo ti ṣì í. Kò ní pẹ́ rárá." Ó sì tẹ̀lé wọn.

Mo bú u. Mo bú ìyá rẹ̀, mo bú ọkọ̀ tó gbé wọn wá, títí ohùn mi fi há. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù ìdána tẹ̀lé wọn, kó má ku iṣu kan.

Àkókò òjò náà parí, ọyẹ́ dé, òjò tún bẹ̀rẹ̀ kí Bámidélé tó padà wá. Ó ti rù. Irin tuntun ló gbé wá, ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, ìkọ́ rẹ̀ ń ṣí wẹ́rẹ́. Bọ́látitó gbà á, ó wọ̀ ọ́ níwájú wa. Ó dìde. Ó kúnlẹ̀. Ó tún dìde.

"Ó dára," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára gan-an ni."

Ojú Bámidélé tàn. "Màámi ti gbà, Bọ́lá. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n wá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ńkọ́ bíi ti báwo?"

"Ìwọ. Bí mo ṣe wà kí irin tó dé, lórí orúnkún. Tí mi ò bá wọ irin kankan títí n ó fi kú. Ṣé ìwọ gbà?"

Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó wo irin náà, ó wò mí, ó wo ilẹ̀. "Gbogbo èyí tí mo ṣe, nítorí rẹ ni," ó ní.

"Mo mọ̀. Èyí tí mo bi ẹ́ kọ́ nìyẹn."

Ó dúró títí, ó sunkún díẹ̀, kò dáhùn. Nígbà tó yá, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Bọ́látitó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bú ọkùnrin náà díẹ̀ sí i, ó ní kí n má bú u.

"Àǹtí," ó ní, "kó sáà ti dáhùn ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ irọ́ ló pa fún mi, ǹ bá gbà á."